Asáréjíṣẹ́ Tí Kò Kí Ẹnikẹ́ni

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí mo ṣe jẹ́ ènìyàn ńlá tó kí n tó dé Atlanta, èmi ni kí ó bi. Kò sí ẹlòmíràn tí ó rántí. Ní Ìbàdàn, mo ní ọ́fíìsì tí ó ní ilẹ̀kùn méjì, mo sì ní akọ̀wé kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa sọ fún àwọn àlejò pé mi ò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo ń bọ̀ níbí, kóòtù ni mo dì kún inú àpótí. Mo ní àwọn òyìnbó á fẹ́ mọ irú ẹni tí ó dé bá wọn.

Wọn kò fẹ́ mọ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí jẹ́ ti ilé ìkẹ́rùsí kan ní Union City, níbi tí a ti ń gbé páálí láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Mo wọ kóòtù aláwọ̀ eérú lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo so táì mọ́ ọn. Bí mo ṣe wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ dákẹ́ ọ̀rọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé páálí bí ẹni pé ilé ń jó. Wọ́n rò pé ọ̀gá kan ló wá láti ọ́fíìsì àgbà. Alábòójútó wọn gan-an sáré wá bá mi, ó ń ki ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bọ inú ṣòkòtò. Inú mi dùn, mo rò pé bí wọ́n ṣe ń kí àlejò nìyẹn. Nígbà tí mo sọ fún un pé èmi ni òṣìṣẹ́ tuntun, ó wo táì mi, ó wo bàtà mi, ó sì fún mi ní ìbọ̀wọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní "Boss". Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi mí ṣe, nítorí tayọ̀tayọ̀ ni mo fi ń dá wọn lóhùn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe páálí ló dùn mí jù. Ìkíni ni. Ìwó ni wọ́n bí mi sí, tíṣà sì ni bàbá mi. Tí o bá wọlé bá a láìkí i dáadáa, á ní kí o padà síta kí o tún ọ̀nà rẹ wọlé. Nítorí náà, nígbà tí mo pàdé ọkùnrin tí ó ń gbé nílé tí ó kángun sí tèmi, mo kí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo bi í bóyá ó sùn dáadáa, mo béèrè ìyàwó rẹ̀, mo béèrè àwọn ọmọ, mo kí i kú iṣẹ́ àná. Ó wò mí títí. Ó ní, "You good, man?" Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, mo sì gbọ́ tí ó tún fi ẹ̀wọ̀n kọ́ ọ láti inú.

Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ nìyẹn. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá tan tẹlifíṣọ̀n kí n lè gbọ́ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé. Màá máa dá àwọn tó ń ka ìròyìn lóhùn. Tí wọ́n bá ní "Good evening", màá ní "Ẹ káalẹ́ o."

Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo máa ń rí ẹni kí mi padà. Tí a bá ti ṣe ìsìn tán ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní College Park, màá jókòó sínú ọkọ̀, màá pe bàbá mi.

"Ṣé wọ́n ti fi ọ́ jẹ gómìnà níbẹ̀ yẹn?"

"Ó ku díẹ̀ sà."

"Kí lo jẹ lónìí?"

"Ìrẹsì ni sà."

"Ìrẹsì lójoojúmọ́. Ṣé ẹyẹ ni ọ́ ni? Ìgbà wo lò ń bọ̀ wá kí mi?"

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín máa ń tán lẹ́nu mi. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́dọ̀ ìjọba, wọn kò tíì fọwọ́ sí i. Lọ́yà mi ti kìlọ̀ fún mi pé tí mo bá fi lè jáde, wọn kò ní jẹ́ kí n padà wọlé. Bàbá mi sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo máa ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ lọ́yà fún un, á gbọ́ ọ tán, á ní, "Kò burú. Mò ń dúró dè ọ́. Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí n dúró pẹ́ jù, ẹsẹ̀ ń dùn mí." Mo ti tọrọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run rí. Ní Atlanta yìí, ohun kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ: kí n tún fojú kan bàbá mi láàyè.

Aunty Bọ́lá ló yọ mí nínú páálí. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ, kò sì sí ọmọ Yorùbá tó dé Atlanta tí wọn kò mọ bí á ṣe rí iṣẹ́.

"Brother mi," wọ́n ní, "job kan wà ní Tucker o. Bàbá Indian kan ni, writer ni wọ́n, big man. Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, wọn ò lè type mọ́, wife wọn ti kú. Ẹni tó máa drive wọn lọ doctor's appointment, tó máa se tea, tó sì mọ typing ni wọ́n ń wá. No more warehouse, no more double shift. Ṣé o mọ̀ ọ́n type?"

Mo ní, "Aunty, mo mọ̀ ọ́n dáadáa." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé akọ̀wé mi ló mọ̀ ọ́n. Èmi máa ń wò ó ni.

Bàbá náà rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, irun rẹ̀ funfun báláú, ó sì wọ súwẹ́tà méjì léra wọn nínú ooru Georgia. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe gbogbo ara, nítorí kápẹ́ẹ̀tì. Mo ní, "Good morning, Daddy."

Ó ní, "Madhav ni orúkọ mi. Èmi kọ́ ni bàbá rẹ."

Àgbàlagbà tí ó tó bí mi lọ́mọ, kí n wá la ẹnu kí n pè é ní Madhav? Mo lọ dán an wò ní kíṣíńnì níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbọ́. Bí mo ṣe pè é tán ni mo bojú wẹ̀yìn, bóyá bàbá mi dúró síbẹ̀. Nígbà tó yá, a fẹnu kò sí Prof, nítorí pé ó ti kọ́ni ní yunifásítì kan nílùú yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Ní ilé wa, Prof fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orúkọ ẹbí, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ìtàn ìgbà àtijọ́ ni Prof ń kọ ní ìwé, ìtàn àròsọ, ṣùgbọ́n tí ìdí rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Wọ́n bí i sí ìlú kékeré kan létí odò ní gúúsù Íńdíà, ó sì ku díẹ̀ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ẹrù wọn kúrò níbẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́, ó kọ́ orúkọ àwọn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí. Ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ náà gan-an ni odi ọba ìlú wọn wó sí, ewúrẹ́ ń jẹko lórí rẹ̀, kò sì sí tíṣà kan tó dárúkọ ọba yẹn fún wọn rí. Ó ní ewúrẹ́ wọ̀nyẹn ló sọ òun di òǹkọ̀wé. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ̀wé lé lórí: atukọ̀, ahunṣọ, àwọn tó ń ru ìjòyè lórí àga, àwọn obìnrin tó ń rẹ aró fún òyìnbó. Nígbà tó ń sọ èyí fún mi, mo rántí pé èmi náà ṣì lè ka àwọn odò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìwòwé. Ẹ má bi mí léèrè èyí tó ṣàn lẹ́yìn ilé wa ní Ìwó.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ya mí lẹ́nu. Kì í jókòó kọ̀wé. Á di ọ̀pá rẹ̀ mú, á rìn láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, á máa sọ gbólóhùn kan ṣoṣo lọ sókè lọ sódò títí á fi bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, ìgbà náà ni á wá ní, "Tẹ̀ ẹ́." Kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ìwé rẹ̀ títí á fi mọ ohun tí ẹni náà jẹ láàárọ̀. Ó rán mi jáde lọ́jọ́ kan kí n wá irú ẹ̀wà kan tí atukọ̀ inú ìwé rẹ̀ ń jẹ. Mo wá a kiri gbogbo ìsọ̀ àwọn ará Íńdíà ní Decatur, mi ò dá a mọ̀, mo bá ra ẹ̀wà olóyin wálé. Prof wo ẹ̀wà náà, ó wò mí, ó ní, "Atukọ̀ mi ti fi ebi kú níbi tó ti ń dúró dè ọ́."

Ìwé tí à ń kọ nígbà náà, ó ní òun ló máa kẹ́yìn. Asáréjíṣẹ́ kan ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń sáré la igbó kọjá láyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó ń gbé iṣẹ́ láti ìlú dé ìlú, tó so ṣaworo mọ́ ọ̀kọ̀ rẹ̀ kí ẹranko lè gbọ́ kó yà. Ó ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tí wọ́n ti kó ọkọ rẹ̀ lọ ṣe ojú irin ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ọkọ náà ti kú ní Mombasa. Obìnrin náà kò mọ̀, ó ń retí rẹ̀.

Èmi náà kò dákẹ́. Mo ti sọ fún bàbá mi pé mò ń bá òǹkọ̀wé ńlá kan kọ̀wé ní Amẹ́ríkà. Mi ò mẹ́nu ba tíì tí mò ń sè. Láti ìgbà náà, asáré yẹn ló kọ́kọ́ máa ń béèrè ní ọjọ́ Àìkú.

"Asáré yẹn ti dé?"

"Kò tíì dé sà. Ó ṣì wà létí odò."

"Létí odò láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá? Irú eré wo ló ń sá?"

"Prof ní omi ti kún sà."

"Kó lúwẹ̀ẹ́ ńkọ́? Obìnrin yẹn ń dúró."

Ọjọ́ pé, asáré dé. Prof rìn títí lọ́jọ́ náà. Ó wá dúró lójú kan, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ báyìí pé: asáré náà dé ẹnu ọ̀nà, ó rí obìnrin náà nídìí òfì, ó ní, "Ọkọ rẹ ti kú ní Mombasa."

Ọwọ́ mi dúró gbagidi lórí kọ̀ǹpútà. Mo ní kí n gbọ́ ohun tó kù. Kò sí ohun tó kù. Prof ti lọ sun oorun ọ̀sán.

Mo jókòó, inú ń bí mi. Ta ló bí asáré yìí? Ó bá ènìyàn nídìí òfì, kò kí i kú iṣẹ́. Kò béèrè omi. Kò béèrè àgbà ilé. Ó kàn ju òkú sí obìnrin lára. Mo ní rárá, kì í ṣe ọwọ́ mi ni wọ́n á ti tẹ ìwàkiwà yìí. Mo jẹ́ kó fi ọ̀kọ̀ rẹ̀ ti ògiri. Mo jẹ́ kó kí obìnrin náà kú ìjókòó, kó kí i kú oòrùn, kó béèrè omi mu. Mo jẹ́ kó béèrè bóyá ewúrẹ́ wọn ti bímọ. Mo wá àgbà ilé kan fún un, ẹ̀gbọ́n ọkọ, tí Prof kò dá rí, mo ní kí asáré pe àgbà náà sẹ́yìn ilé, kó sọ ọ́ fún un níbẹ̀. Àgbà náà wá sọ fún obìnrin náà pé ara ọkọ rẹ̀ kò yá díẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà tí mo ṣe tán, orí ìwé náà ti gùn tó ìlọ́po mẹ́ta, ó sì kún fún ẹ̀kọ́ ilé. Mo rò pé ojú Prof kò ríran dáadáa mọ́, kò ní mọ̀.

Mo gbàgbé pé ó máa ń ní kí n ka ohun tí a kọ sókè lọ́jọ́ kejì. Mo kà á, mo ń sáré kà á. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ewúrẹ́, ó gbé ọ̀pá sókè.

"Dúró. Ta ló ń béèrè bóyá ewúrẹ́ ti bímọ?"

"Asáréjíṣẹ́ ni, Prof."

"Asáréjíṣẹ́ mi la igbó kọjá, ẹkùn lé e, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bómi lọ, ó wá débẹ̀ ó ń béèrè ewúrẹ́?"

"Ó ń kí wọn ni, Prof."

Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́. Ọkàn mi ti padà sí Union City, ó ti ń wá ìbọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n Prof jókòó, ó ní kí n ṣàlàyé. Mo bá di tíṣà bíi ti bàbá mi. Mo ní ní ilẹ̀ wa, a kì í la òkú mọ́ ènìyàn lórí. A ó ní ara ẹni náà kò yá. A ó ní kó máa bọ̀ nílé, ọ̀rọ̀ kan wà. A ó bi í bóyá ó ti jẹun, a ó wo ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, a ó rán àwọn tó tó ènìyàn sí i.

"Ṣé gbogbo yín lẹ mọ àṣà yìí?"

"Gbogbo wa."

"Tí wọ́n bá ti wá bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun, o ti mọ̀ nìyẹn."

"Ọlọ́gbọ́n á ti mọ̀," mo ní. Mo gbé àyà síwájú. "Àwọn àgbà wa ní, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odindi." Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, mo tún un sọ.

Prof wá sọ ohun tí kò sọ fún mi rí. Ó ní òun kọ ìwé kan nígbà kan nípa bàbá bàbá òun, tó jẹ́ akọ̀wé fún òyìnbó agbowó-orí, tó ń fi àwọn tálákà ìlú rẹ̀ tí kò tíì san owó orí hàn án. Inú bí àwọn ẹbí, wọ́n ní ó tú àṣírí ilé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò pè é mọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ibi àpérò kan ló wà, tó mú ife kọfí lọ́wọ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ kan fi bá a kẹ́dùn pé ó gbọ́ nípa ìyá rẹ̀. Wọ́n ti sin ín tipẹ́.

"Obìnrin yẹn ti dúró tó," ó ní. "Ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí i. Pa gbogbo èyí rẹ́."

Mo pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní kí n fi omi sílẹ̀, kí asáré náà béèrè omi mu lẹ́yìn tó bá ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Ẹ wo omi yẹn dáadáa tí ìwé náà bá jáde. Èmi ni mo pọn ọ́n.

Mo fẹ́ sọ fún bàbá mi ní ọjọ́ Àìkú pé asáré ti dé. Fóònù rẹ̀ kò lọ. Mo pe Fúnkẹ́, àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Fóònù wọn ló já bọ́, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa tún un ṣe. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá ń sùn. Lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá ti lọ kí Ìyá Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin. Bàbá mi tí ẹsẹ̀ ń dùn, tó jẹ́ pé tó bá dé ẹnu géètì á sinmi, mo gbà pé ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn lọ ṣe fàájì. Mo sì ń yọ̀ sí Fúnkẹ́ pé ó ti ń gbọ́n sí i, kì í pè mí kó má béèrè bóyá mo ti jẹun.

Aunty Bọ́lá náà pè mí.

"Brother mi, ṣé o wà nílé? Ṣé o ò drive? Okay. Pastor àti àwọn elders kan fẹ́ wá kí ẹ on Saturday. No, no, it's nothing. A kàn fẹ́ fellowship. Ṣé ẹnìkankan ń gbé lọ́dọ̀ ẹ? O ti jẹun ṣá?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ti mọ ohun tó ń bọ̀. Èmi ọ̀jọ̀gbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀, mo ti rí ìdí tí pásítọ̀ fi ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe diákónì ni. Ta ló tún kù nínú ìjọ tó ní kóòtù tó tèmi? Mo ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mo gbá ilé, mo dúró níwájú dígí, mo kọ́ bí màá ṣe ṣe ojú ìrẹ̀lẹ̀. Mo tún kọ sípíìṣì. Mo gbé e lọ fún Prof ní ọjọ́ Ẹtì kó bá mi tún un ṣe, nítorí kò sí diákónì mìíràn ní Atlanta tó ní irú olótùú bẹ́ẹ̀.

Mo sọ fún un bí Aunty Bọ́lá ṣe pè mí, mo sì kà á sí i létí. "Mi ò yẹ ní ẹni tí ẹ pè," báyìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Prof kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí ni obìnrin tó pè ọ́ yẹn bi ọ́ lórí fóònù?"

Mo sọ fún un.

"Àbúrò rẹ ńkọ́? Kí ló máa ń béèrè?"

Mo sọ ìyẹn náà. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ohùn mi ń lọ sílẹ̀.

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mo lè ṣìnà," ó ní, "ṣùgbọ́n mo rò pé bàbá rẹ ti kú. Pe àbúrò rẹ, kí o bi í ní tààrà."

Inú bí mi sí i. Mo ní, "Prof, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀."

Ó ní, "Mo mọ̀. Pè é."

Fúnkẹ́ gbé fóònù náà kíá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti..."

"Mo ti jẹun. Fúnkẹ́, ṣé Bàbá ti kú?"

Ẹkún rẹ̀ ni mo gbọ́. "Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n sùn lọ́sàn-án ni, wọn ò jí mọ́. Àwọn ẹbí ló ní ká má sọ fún yín lórí fóònù, pé ẹ dá wà. Wọ́n ti bá pastor yín sọ̀rọ̀. Ẹ má bínú."

Ó dùn mí. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń tọrọ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, èmi sì wà níwájú dígí tí mò ń kọ́ ìrẹ̀lẹ̀. Mi ò lè sunkún. Mo kàn jókòó. Prof dìde, ó lọ sí kíṣíńnì, ó se tíì fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn. Ìdajì rẹ̀ ti dànù sórí àwo kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìwé.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n dé. Pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀, àgbà ìjọ kan, àti Aunty Bọ́lá pẹ̀lú kúlà ìrẹsì, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lára wọn, wọn kò tíì sùn. Pásítọ̀ rí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí mo tò sórí tábìlì.

"Ah, Brother, were you expecting people?"

"Ẹ̀yin náà ni sà."

Mo lè sọ fún wọn nígbà náà pé mo ti gbọ́. Mi ò sọ ọ́. Wọ́n yin ilé mi, wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n béèrè ara Prof. Pásítọ̀ ka ìtàn Jóòbù, ó sọ pé ayé ọjà ni. Aunty Bọ́lá ní kí n kọ́kọ́ jẹun. Mo wo ojú wọn, mo rí i pé ẹ̀rù ń bà wọ́n nítorí mi. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lè fi oorun rẹ̀ sílẹ̀ wá jókòó sórí àga mi, kó máa wá ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ kò fi ní dùn mí jù. Mo jẹ́ kí wọ́n gba gbogbo ọ̀nà náà. Nígbà tí Pásítọ̀ wá di ọwọ́ mi mú tó ní, "Daddy ti lọ sinmi," ni ẹkún tí mi ò lè sun láti àná jáde. Mo sun ún bí ọmọdé. Títí di òní, wọ́n gbà pé ẹnu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Aunty Bọ́lá bu ìrẹsì sí i fún mi, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Fúnkẹ́ pè mí lọ́jọ́ kejì. Àwọn ẹbí ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìsìnkú, èmi àkọ́bí tí kò lè wá ni wọ́n sì ń dúró de ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan le jùyẹn lọ. Ìyá Ìbàdàn kò tíì mọ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́rùn-ún ọdún, òun ló pọn bàbá mi dàgbà, ó sì ń béèrè ìdí tí àbúrò òun kò fi pè. Àwọn tó lọ sọ fún un jókòó tì í, wọ́n mu omi, wọ́n padà sílé láìsọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ojú wọn ló ń ba gbogbo wa lẹ́rù," Fúnkẹ́ ní. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jìnnà, ẹ ò ní rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún wọn."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí jíjìnnà mi wúlò fún ẹnikẹ́ni nílé. Mo jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mo pè. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan gbé fóònù sí i létí.

"Ẹ káàsán mà, Ìyá."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni mà, ọmọ yín tó wà ní Amẹ́ríkà."

"Háà, ọkọ mi! Ṣé àlàáfíà lo wà?"

"A dúpẹ́ mà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara yín ńkọ́ mà?"

"Ó ń bẹ níbẹ̀."

"Òjò ńkọ́ níbẹ̀ yẹn mà?"

"Ó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀."

"Ṣé ẹ ti jẹun mà?"

Mo gbọ́ àkùkọ kan tó ń kọ lẹ́yìn ilé wọn. Ìyá ní, "Ta ló kú?"

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo ti tò sílẹ̀ fún un, gbogbo wọn sá. Mo ní, "Àbúrò yín ni mà. Bàbá mi ni."

"Àjàní?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Àjàní tèmi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

Mo dúró de igbe. Kò ké. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí, mo sì gbọ́ tí ó ní kí ọmọ náà gbé fóònù sún mọ́ òun dáadáa.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ níbẹ̀ yẹn?"

"Èmi nìkan ni mà."

"Má tíì gbé fóònù yẹn sílẹ̀ o."